Sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde kí Poitier tó fọ́ olówó létí

Àbúrò mi,

Mi ò mọ orúkọ rẹ. Ìgbà tí fóònù rẹ dún lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa ní Peckham, tí o ní “Ẹ káalẹ́ mà,” ni mo mọ̀ pé ọmọ wa ni ẹ́. O sọ fún màmá rẹ pé fíìmù àtijọ́ kan ni wọ́n ń fi hàn, pé ó ti falẹ̀ jù, o ti ń bọ̀ nílé. Mo fi lẹ́tà yìí síta kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́ lè bá mi fi jíṣẹ́.

In the Heat of the Night la ń wò, fíìmù ọdún 1967. Òṣèré Sidney Poitier ló ṣe Virgil Tibbs, ọlọ́pàá Philadelphia tí wọ́n mú fún ẹ̀sùn ìpànìyàn ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Mississippi, ní Amẹ́ríkà, torí pé ó dúdú, owó sì wà lápò rẹ̀. Ibi tó ti ń yẹ òkú ẹni tí wọ́n pa wò lo ti dìde. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ń rọra lọ. Ṣùgbọ́n wo ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, bó ṣe fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní apànìyàn.

Ká ní o dúró díẹ̀ sí i ni! Òun àti ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà lọ bá Endicott, olówó tó ni oko òwú, nínú ilé gíláàsì tó ti ń tọ́jú òdòdó. Ọ̀rọ̀ òdòdó ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, jẹ́jẹ́. Nígbà tó yé Endicott pé ọ̀ràn ìpànìyàn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ wá, ó fọ́ Tibbs létí. Kíá ni Tibbs fọ́ tiẹ̀ padà, pàà! Ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó gbé ohun mímu lọ́wọ́ kàn dúró síbẹ̀ ni.

Gbọ̀ngàn kọ́kọ́ pa lọ́lọ́. Ni baba ará Jamaica kan bá lọgun, làtẹ́wọ́ bá sọ. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ wò ó ní sinimá, òun nìkan ni dúdú nínú ìlà àga òun, òun ò lè lanu. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ tí o jáde yẹn, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. O lè wo fíìmù náà lórí fóònù, mi ò bá ẹ jiyàn, ṣùgbọ́n fóònù ò lè fún ọ ní ìyá yẹn.

Ìfọ́tí yẹn kì í ṣe eré lásán fún Poitier. Ní 1964, òun àti olórin Harry Belafonte gbé $70,000 lọ fún àwọn tó ń jà fẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò ní Greenwood, Mississippi, àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń dẹ́rù ba aláwọ̀ dúdú, sì fi mọ́tò lé wọn. Ìdí nìyẹn tó fi kọ̀ láti lọ ya fíìmù yìí níbẹ̀. Sparta ní Illinois ni wọ́n ti ya èyí tó pọ̀ jù.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù wá nìyí. Ọmọ àgbẹ̀ tòmátì ni Poitier, láti Cat Island ní Bahamas. Ọmọ ọdún 16 ló dé New York, abọ́ ló ń fọ̀. Nígbà tó lọ dánwò iṣẹ́ òṣèré, wọ́n lé e jáde: kò lè kàwé dáadáa, ohùn erékùṣù sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ra rédíò, ó ń sín ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ jẹ. Bàbá Júù kan tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ń jókòó tì í lálaalẹ́, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Ní 1964 ló gba Oscar, àmì ẹ̀yẹ fíìmù, fún Lilies of the Field, dúdú àkọ́kọ́ tó gba ti olórí òṣèrékùnrin. Àwa tí wọ́n ti fi ohùn wa ṣe yẹ̀yẹ́ rí ní Lọ́ńdọ̀n yìí, tiwa gan-an ni.

To Sir, with Love, fíìmù Poitier mìíràn, la máa wò tẹ̀lé e. Ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀n níbí ni ìtàn náà ti wáyé; E. R. Braithwaite, ará Guyana tó ṣe tíṣà níbẹ̀, ló kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe é. Jọ̀ọ́, mú màmá rẹ dání. Ọ̀fẹ́ ni, tíì sì wà. Tí fíìmù bá parí, a máa ń jókòó sọ̀rọ̀, àwọn àgbà sì ń fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ rí nínú rẹ̀. Tí kò bá dùn mọ́ ẹ, dìde, sọ bẹ́ẹ̀ fún wa.