Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Omi àti Ìfọ̀mọ́ Ìsọ̀ Adìyẹ ní Iléṣà

Sí Ọlọ́lá, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, Iléṣà.

Àwa tí a ń ta adìyẹ, tí a sì ń pa á fún oníbàárà ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ̀ yín pé, kí ẹ tó tún rán àwọn tó ń fín oògùn apakòkòrò sí wa nítorí àrùn fúlúù ẹyẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ́kọ́ bá wa gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, kí ẹ sì da kọnkéré sí ilẹ̀ tí a ti ń pa adìyẹ.

Nígbà tí àwọn kan wá fín in gbẹ̀yìn, orí ìyẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ ni wọ́n fín bílíìsì sí. Òórùn rẹ̀ ta wá lójú, wọ́n gba owó, wọ́n sì lọ. Fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn fúlúù ẹyẹ, ní awọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára. Bí awọ náà bá ti fọ́, kò lè ran adìyẹ tàbí ènìyàn mọ́, ọṣẹ lásán sì lè tú u ká bí ó ṣe ń tú epo kúrò lára ìkòkò. Kílórínì inú bílíìsì náà lágbára láti pa á, ṣùgbọ́n kò mọ fáírọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ìgbẹ́: ohun tó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò bá jà, agbára rẹ̀ yóò sì tán sára ìdọ̀tí nígbà tí fáírọ́ọ̀sì wà lábẹ́ rẹ̀ láìfarapa. Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí bílíìsì tó tẹ̀lé e, kí a sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí a tó ṣàn án. Lórí erùpẹ̀ àti nínú àgò onígi tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, èyí kò ṣeé ṣe.

Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni àrùn yìí kọ́kọ́ hàn ní Áfíríkà, ní oko adìyẹ kan ní Jàájì, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, obìnrin kan kú nípa rẹ̀ ní Èkó. Kò sí ìdí tí a ó fi dúró kó dé Ìjẹ̀ṣà kí a tó wá omi.

A tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ kan lóṣù tí gbogbo ìsọ̀ adìyẹ yóò wà ní títì, láìsí adìyẹ kankan nínú rẹ̀, fún fífọ̀. Ní ọdún 2001 ni Hong Kong bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọjà adìyẹ wọn. Yóò pa wá lára díẹ̀, a mọ̀, ṣùgbọ́n a ti fẹnu kò sí i.

Ọṣẹ àti bílíìsì, àwa ni yóò máa rà á. Àgò irin náà, a ó máa fi rọ́pò ti igi díẹ̀díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán dókítà ẹran kan wá láti kọ́ wa ní ìwọ̀n omi tí a ó fi lú bílíìsì, nítorí àwọn kan nínú wa ń pò ó mọ́ oògùn mìíràn, èyí tó lè mú èéfín olóró jáde, àwọn mìíràn sì ń lú u sílẹ̀ lánàá fún iṣẹ́ òní, nígbà tí agbára rẹ̀ ti dínkù.

Kẹ́ẹ̀gì omi tí a ń rà lójúmọ́ kò tó fífọ adìyẹ, áńbọ̀sì fífọ ilẹ̀. Kànga àti kọnkéré nìkan ló kọjá agbára wa.

A ń retí èsì yín.

Alága àti Akọ̀wé,
fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.