Ìdòwú ní Etí Pápá

Mọ̀pà,
Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹta, 2026.

Nọ́ńbà Mẹ́wàá mi,

Ọ̀kún o. Ọ̀kún iṣẹ́, ọ̀kún òtútù. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà? Àwa níbí ń dúpẹ́. Ìyá Ìbejì kí ọ púpọ̀, ó ní Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òtútù Kánádà yẹn wọnú eegun yín. Táyé àti Kẹ́yìndé wà ní bọ́dìńgì ní Kàbà, ilé sì ti dá. Èmi, ìyá wọn àti Ìdòwú la kù.

O béèrè bóyá òótọ́ lohun tí wọ́n sọ fún ọ, pé èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni, ó ti lé lọ́dún kan. Mi ò kọ ọ́ sí ọ tẹ́lẹ̀ torí pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń dùn mí, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ rí ojútùú rẹ̀ ná. Ní báyìí mo lè sọ ọ́. Ìwọ lo gbé Ìdòwú lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Tíṣà tó ń kó wọn jọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ míì. Ó lọ tán, àwọn ọmọ kò yé wá. Tí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń rí wọn, wọ́n á pín ara wọn sí méjì, wọ́n á máa gbá a láìsí ẹni tó ń fọn fèrè. Tí ìjà bá ti dé, eré parí. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kékeré kan nínú wọn wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìdòwú, Ìdòwú ní ẹ mọ bọ́ọ̀lù gbá nígbà kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá máa fọn fèrè fún wa." Ta ló máa gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó kọ̀?

Fèrè lásán ni wọ́n bẹ̀ mí fún, ṣùgbọ́n ohun tí ojú káfíńtà kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni òpó ilé tí wọ́n ń gbá góòlù sí. Ilé àgbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 24 ní fífẹ̀, 8 ní gíga. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló dúró láàárín rẹ̀. Ó fò títí, ọwọ́ rẹ̀ kò kan igi òkè. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀ ti jẹ góòlù nìyẹn, wọ́n á wá máa bú ọmọ ọlọ́mọ pé kò mọ ilé ṣọ́. Igi yẹn bí mi nínú bí ẹni pé èèyàn ni. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo kó igi àfàrà tó ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ òrùlé kan, mo kan ilé míì, ẹsẹ̀ bàtà 16 ní fífẹ̀, 7 ní gíga, irú èyí tí wọ́n ń lò fún àwọn ọmọdé tó ń gbá a ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Mo fá a dáadáa kí ẹ̀gún igi má baà gún wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn fò, tí ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù tó ń lọ lábẹ́ igi, tó sì tì í jáde, ṣe ló dúró tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ nígbà ọdún, Ọlọ́run á san án fún ọ. Nọ́ńbà 4 yẹn gan-an, ìwọ̀n ti ọmọdé, ló yẹ wọ́n. Nọ́ńbà 5, ti àgbà, ni mò ń rí rà níbí, ó sì wúwo jù fún ẹsẹ̀ wọn. Èyí tí o sọ pé kóòṣì ọmọ rẹ kì í jẹ́ kí wọ́n fi orí kan bọ́ọ̀lù, mo ti mú un lò. Mo kà á pé láti ọdún 2015 ni àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti kà á léèwọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá sísàlẹ̀, nítorí ọpọlọ. Àwọn bàbá kan bá mi jà, wọ́n ní mò ń sọ ọmọ wọn di ojo. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Igbá tó fọ́ là ń rán, a kì í rán agbárí ọmọ.

Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú wọn. Ní Oṣù Keje ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn Super Falcons, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, fi góòlù méjì wà lẹ́yìn Mòrókò nínú àṣekágbá, tí wọ́n sì yí i padà sí mẹ́ta sí méjì, tí wọ́n gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọ́kọ́ dé pápá ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹni tó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí ní òun ni kí n fi ṣe kápútẹ́ènì. Mo fi í ṣe é, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Ó yá, ohun tó ń dùn mí rèé.

Ìlú wa kékeré, o mọ̀ ọ́n. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa kejì, mo fi Ìdòwú sí ẹ̀yìn lápá òsì. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni, kò sì sí òmíràn láàárín wọn. Ó ṣèèṣì pàdánù bọ́ọ̀lù kan. Mo gbọ́ tí ọkùnrin kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Ta ló máa yọ ọ́? Ọmọ kóòṣì ni." Kò pariwo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, ó bá mi sùn, ó bá mi jí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ọmọ mi ṣe ẹ̀rí pé mi ò kì í ṣe ojúsàájú. Tí ọmọ méjì bá ṣe àṣìṣe kan náà, Ìdòwú ni màá pariwo mọ́. Tí omi bá kù díẹ̀, òun ló máa mu kẹ́yìn. Tí a bá ń pín jẹ́sì, kí gbogbo ọmọ mú tán ná kó tó mú èyí tó ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó ń wọ jẹ́sì tó balẹ̀ dé orúnkún. Tó bá dọ̀rọ̀ ẹni tó máa jókòó, òun ni. Àwọn òbí ń yìn mí. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi yẹn gan-an bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Kóòṣì, ẹ ṣeun, ẹ kì í gbè sẹ́yìn ọmọ yín." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ìyẹn gan-an ló ń tì mí lójú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Oṣù Kìíní la lọ sí Ẹ̀gbẹ̀. Ọyẹ́ mú gan-an, eruku bo gbogbo ọ̀nà. A tètè gbéra, torí o ń gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà wa wọ̀nyí, mo sì ti bá awakọ̀ ṣàdéhùn pé a gbọ́dọ̀ ti kọjá Ìsánlú padà kí aago mẹ́ta tó lù. Àwọn ìyá kan kò jẹ́ kí ọmọ wọn tẹ̀ lé wa. Mi ò bá wọn jiyàn.

Méjì sí ẹyọ kan ni wọ́n fi nà wá. Apá òsì wa ni góòlù méjèèjì gbà wọlé. Ọmọ tí mo fi síbẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ òsì tọ́ bọ́ọ̀lù, gbogbo èèyàn rí i, èmi náà rí i. Ìdòwú jókòó sórí pákó ní etí pápá, ó ti wọ bàtà, ó ti so okùn rẹ̀. Mo rí i tó tú okùn náà, tó tún un so. Lẹ́ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bẹ̀ mí, kò wo ojú mi. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí eré parí ni mo tó pè é wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù kàn án lẹ́sẹ̀ tí rẹfirí fi fọn fèrè ìkẹyìn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, iyán àti ẹ̀gúsí ni ìyá rẹ̀ sè, kò jẹ tó bó ṣe máa ń jẹ. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń pọ́n ayùn. Ó ní, "Dádì, mo fẹ́ bi yín léèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo ní kó sọ ọ́.

"Ká ní ọmọ ẹlòmíràn ni mí, ṣé ẹ máa fi mí sínú eré?"

Ọ̀rẹ́ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo gbé ayùn sílẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé màá fi í sí i, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Gbogbo ayé ló ń sọ pé Ìdòwú máa ń lágídí. Ká ní ó ké mọ́ mi, ká ní ó da nǹkan sílẹ̀, ǹ bá bá a wí, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tó fi bi mí ni kò jẹ́ kí n rí ibi sá sí.

Bàbá yín ni mo rántí lóru náà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ṣé o rántí Oṣù Kẹfà ọdún 1994, tí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n jí wa lẹ́yìn aago méjìlá òru pé Nàìjíríà àti Bùlùgéríà fẹ́ wọ pápá? Nígbà tí Rashidi Yekini jẹ góòlù tí Nàìjíríà kọ́kọ́ jẹ nínú ife àgbáyé, tó na ọwọ́ méjèèjì wọnú àwọ̀n tó ń sunkún, bàbá yín gbé ọ sókè, wọ́n gbé ọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gbé èmi náà. "Ọmọ Ìrà ní Kwara níbí," bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ ilé wọn. Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni pé mo jowú rẹ lóru yẹn. Bàbá mi kò wá wo eré mi rí títí a fi jáde ìwé. Wọ́n fẹ́ràn mi, oko ni kò jẹ́. Mo wá fi sọ́kàn pé ọjọ́ tí mo bá bímọ, èmi á wà ní etí pápá. Mo sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo wà níbẹ̀ fún.

Mo bẹ Ìdòwú. Mo kì í ní oríkì rẹ̀, mo ní, "Mo ṣe é, kò dára, má bínú sí mi." Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé bàbá kì í bẹ ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ìyá ọmọ tó ń ṣọ́lé fún wa. Télọ̀ ni. Kò gbá bọ́ọ̀lù rí, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ ìdánrawò kan tí kì í wá, ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé lórí ọ̀rọ̀ Ìdòwú, kó máa sọ ìgbà tó máa wọlé àti ìgbà tó máa jáde, tó bá ti sọ ọ́, mi ò gbọ́dọ̀ yí i. Ó wò mí, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹ wá." A tún fẹnu kò pé ọmọ yòówù tó bá wá gbọ́dọ̀ gbá tó ìdajì eré, ì báà mọ̀ ọ́n gbá, ì báà má mọ̀ ọ́n.

Èmi àti Ìdòwú náà ní tiwa. Tí a bá wà ní pápá, kóòṣì ni mí. Tí a bá ti kọjá igi máńgòrò tó wà lẹ́nu pápá, mo ti di Dádì, mi ò sì gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ àfi tí òun bá kọ́kọ́ dá a. Èyí ló le jù fún mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gé ètè jẹ délé.

Àsìkò kajú la wà yìí, àwọn ọmọ ń bá òbí wọn ṣà á lóko. Nínú owó yẹn ni owó ilé ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde, mi ò lè bínú. Àwọn mọ́kànlá péré ló wá lánàá tí àwọn ọmọ Ìsánlú wá bá wa gbá a. Ìyá Aṣọ́lé ní kí Ìdòwú bẹ̀rẹ̀. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi páàsì burúkú kan fún ọ̀tá, wọ́n fi jẹ góòlù. Ó yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ohun tó ń retí. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní, "Ó kàn, ẹ máa lọ." Ìyá Aṣọ́lé kò ní kó jáde. Ní ìdajì kejì ó gba bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó sá lọ títí dé igun, ó fi ẹsẹ̀ òsì yẹn gbé e wọ àárín, kápútẹ́ènì wa sì gbá a wọlé. Ọ̀kan sí ọ̀kan la parí sí.

A kọjá igi máńgòrò. Mo dákẹ́. A dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo ṣì dákẹ́. Ó ní, "Dádì, ẹ rí i?" Mo ní mo rí i. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe rí i." A jókòó sórí pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ, ilẹ̀ ṣú mọ́ wa níbẹ̀.

Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ọmọ rẹ náà ń lo ẹsẹ̀ òsì. Tí o bá tún rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí bọ́ọ̀lù la nílò, méjì tó wà lọ́wọ́ wa ti kán.

Èmi ni,
Nọ́ńbà Mẹ́rin rẹ.