Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: Ọmọ tó dákẹ́ ní kíláàsì

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Houston? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́?

Mo ka ohun tí o kọ nípa ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì rẹ, tí wọ́n fẹ́ gbé lọ fún àyẹ̀wò nítorí pé kì í lanu sọ̀rọ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n rọra. Ọmọ tó bọ́ sínú èdè tuntun sábà máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí á máa fi etí kó ọ̀rọ̀ jọ. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní IDEA gan-an sọ pé bó bá jẹ́ àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ló fa wàhálà ọmọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kà á mọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ọpọlọ. Ojú ti rí nǹkan níbẹ̀ rí: lọ́dún 1970, àwọn òbí kan gbé ìjọba California lọ sílé ẹjọ́, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán àwọn ọmọ tó ń sọ Sípáníìṣì nílé wò kí wọ́n tó kó wọn sí kíláàsì àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé.

Níbí, ọmọ Haúsá kan láti Sábó wà lọ́dọ̀ mi ní píráímárì kejì. "Olódo" ni wọ́n ti ń pè é kó tó dé ọwọ́ mi. Ó máa ń kọ f síbi tó yẹ kó kọ p, wọ́n ní ọpọlọ ni. Haúsá ò ní p bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ló fẹ́ ṣe? Àwọn ọmọ Yorùbá wa tó ń pe ìyá wọn ní "he", ta ló gbé wọn lọ rí dókítà? Mo bẹ ìyá tó ń ta màsà lẹ́nu géètì pé kó ní kí ọmọ náà pa àlọ́ fún òun ní Haúsá. Áà! Ọmọ yìí pàlọ́ Gizo, aláǹtakùn oníwàyó tiwọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń yí ohùn padà, ìyá oní-màsà ń rẹ́rìn-ín títí màsà fi jóná.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òdìkejì rẹ̀. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti Kútọnu. Gbogbo ẹni tó bá rí i á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Yorùbá ni kò tíì gbọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń sọ títí ọdún fi yí po. Ìgbà tí mo bi ìyá rẹ̀ léèrè ló tó hàn: àní ní Ẹ̀gùn tí wọ́n ń sọ nílé, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, bí wọ́n bá sì pè é láti ẹ̀yìn, kì í dáhùn. Wàhálà tó bá tẹ̀lé ọmọ wọ gbogbo èdè tó ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè mọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà etí ní UCH. Omi ló dúró sẹ́yìn ìlù etí rẹ̀ méjèèjì. Iwájú ló ń jókòó báyìí, ìtọ́jú sì ń lọ.

Torí náà, bi ìyá ọmọ yẹn: ìgbà wo ló sọ̀rọ̀ ní Yorùbá? Bí wọ́n bá rán an ní iyọ̀, ata àti ìṣáná, ṣé gbogbo rẹ̀ ló máa ń rà bọ̀? Ṣé wọ́n ti yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò? Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré, kí wọ́n má tìtorí ìyẹn sọ pé ó ti gbọ́ tán. Iṣẹ́ Jim Cummins, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ èdè ní Kánádà, fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì ti eré lè gba nǹkan bí ọdún 2, ti inú ìwé lè tó ọdún 5 sí 7.

Ìwọ tó gbọ́ Yorùbá wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń wá ògbufọ̀! Lọ bá ọ̀gá yín pé o fẹ́ jókòó tì í. Bí o ò bá rántí àlọ́ kankan mọ́, pè mí lálẹ́. Mà á ti cháàjì fóònù kí wọ́n tó mú iná lọ.

Èmi ni,
Ṣadé