Káyọ̀dé, torí ẹ́ńjìnnì tí mo kùn yẹn

Káyọ̀dé mi,

Báwo ni Lyon, báwo ni òtútù, ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́, bá mi kí gbogbo wọn o. Mo gbọ́ voice note ẹ, mo gbọ́ ọ dópin, o ní kí ló dé tí mo ń náwó sórí ọ̀dà ẹ́ńjìnnì, ṣebí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa dé e mọ́lẹ̀, ta ló fẹ́ rí i. Jẹ́ n dá ẹ lóhùn dáadáa, torí ohun tí gbogbo èèyàn ń bi mi ní Apo, ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Abuja níbí, náà nìyẹn, àní ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù bi mí.

Peugeot 504 aláwọ̀ búlúù yẹn ni o, èyí tí mo rà lọ́wọ́ bàbá kan ní Kàdúná tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Àwa tá a dàgbà ní Kàdúná mọ ohun tí 504 jẹ́, láti 1975 tí PAN, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó níbẹ̀, ìjọba ń gùn ún, ọlọ́pàá ń gùn ún, àwọn awakọ̀ ń fi wágọ̀nù ẹ̀ kó èrò lọ Kánò, lọ Jọ́ọ̀sì, lọ ibi gbogbo. Ní báyìí tó o bá gbé e dé Apo, ojú àlòkù irin ni wọ́n fi ń wò ó, ìyẹn sì máa ń dùn mí gan-an. Ẹ́ńjìnnì tèmi ti ń jẹ ọ́ìlì, ó ń rú èéfín búlúù, la bá sọ ọ́ kalẹ̀, a tú u palẹ̀, a ra písítìnì tuntun àti síléẹ̀fù, ìyẹn irin bíi páìpù tí písítìnì ń sáré nínú ẹ̀, kránkì tí àwọn písítìnì ń yí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ha á, ó wá ku búlọ́ọ̀kù, irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, lóòfo nílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn kùn ún, torí tó o bá ti dá gbogbo ẹ̀ padà sínú mọ́tò, ọwọ́ ò ní dé ibi tó yẹ kó dé mọ́.

Ohun tó yẹ kó o mọ̀ ni pé ọ̀dà gan-an kọ́ niṣẹ́. Fífọ̀ niṣẹ́. Ìdọ̀tí tó wà lára búlọ́ọ̀kù yẹn kì í ṣe kékeré, ọ́ìlì àtijọ́ ti pò mọ́ eruku pupa Abuja níbí, ooru ti yan án, ó ti le gbagidi, ìpele ìpele ni mò ń fi irin ha á kúrò. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, mẹkáníìkì mi, wọ́n fẹ́ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe, mo ní Bàbá ẹ jọ̀ọ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ẹ má jẹ́ ká jóná síbí. Kerosíìnì la fi rẹ ẹ́, a fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, a wá fi Omo àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, a tún un fọ̀, a tún un fọ̀, títí omi tó ń ṣàn kúrò lára ẹ̀ fi mọ́. Lẹ́yìn náà a so búrọ́ọ̀ṣì wáyà mọ́ ẹnu dírílì, a fi gbo ìpẹtà kúrò, a tún wá fọ gbogbo ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú, ká sì fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, torí wáyà tíńtín tó já lára búrọ́ọ̀ṣì tó bá wọnú ihò yẹn lè ba bíárìn tuntun jẹ́ lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ sitáàtì ẹ̀.

Wá gbọ́ ohun tá a rí. Ó ní àwọn ìdérí irin róbótó tí wọ́n gbá mọ́ ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, omi ń lọ lẹ́yìn wọn. Ìkan nínú wọn, nígbà tí ìdọ̀tí kúrò lójú ẹ̀ báyìí, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi tí abẹ́rẹ́ fi wọ̀ ọ́, àmì omi tó ti ń sun gbẹ sí abẹ́ ẹ̀, ó fa ìlà pupa gbọọrọ wálẹ̀. Káyọ̀dé, gbogbo omi tí mò ń bù sí radiétọ̀ láàárọ̀, tí wọ́n ní kí n lọ pààrọ̀ radiétọ̀, ibẹ̀ ló ń gbà lọ! Ká ní mi ò ní in lọ́kàn láti kùn ún ni, kò sẹ́ni tó máa ha ibẹ̀, písítìnì tuntun máa wà nínú ẹ̀, omi á sì máa jò lọ ní tiẹ̀. A yọ ọ́, a gbá tuntun sí i. Ìdáhùn mi àkọ́kọ́ sí ọ̀rọ̀ tó o sọ nìyẹn.

Ìkejì ni àwọ̀. Ọmọ iṣẹ́ Bàbá fẹ́ kí n lo pupa, ó ní á dán. Mo ní rárá, eérú fífẹ́ẹ́ ni mo fẹ́, torí lára eérú, tí ọ́ìlì bá jò bíńtín o ti rí i lójú ẹsẹ̀, o sì máa mọ ojú ibi tó ti ń bọ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ dúdú, ó máa ti jò dé ilẹ̀ kó o tó mọ̀. Ẹni tó bá máa tún ẹ́ńjìnnì yìí tú lọ́la náà máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Alhaji kan tó gbé Bẹ́ńsì wá sọ pé ọ̀dà máa dí ooru mọ́ inú, pé ẹ́ńjìnnì á máa gbóná. Mo bá wọn sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Omi ló ń gbé ooru kúrò nínú ẹ́ńjìnnì yìí lọ sí radiétọ̀, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ìdọ̀tí tó nípọn tá a ha kúrò yẹn gan-an ló ń dí ooru mọ́ ọn. Ara búlọ́ọ̀kù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju omi inú ẹ̀ lọ, ọ̀dà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ 260°C sí lára sì gbà á dáadáa. Manifóòlù tí èéfín ń gbà jáde ni kò ṣeé fi ọ̀dà yẹn kùn, tiẹ̀ á jó á sì bó, àfi èyí tó gba 600°C lọ sókè. Hẹ́ẹ̀dì tó ń bo orí búlọ́ọ̀kù ní tiẹ̀, àlúmíníọ́ọ̀mù ni, mo fọ̀ ọ́ mọ́ mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀dà kì í mú àlúmíníọ́ọ̀mù dáadáa tí kò bá sí práímà tiẹ̀, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, lábẹ́ ẹ̀.

Kíkùn fúnra ẹ̀ yára. Irin búlọ́ọ̀kù tó o bá fi omi fọ̀ tó o fi sílẹ̀, kó tó pẹ́ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, torí náà ọjọ́ kan náà la fẹ́ ẹ gbẹ, a fi tínà nù ún, a fi práímà lé e. Ọyẹ́ ṣì wà nílẹ̀, eruku ò jẹ́ ká ríran, la bá wọnú ṣọ́ọ̀bù, a wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde, a jẹ́ kí irin yá oòrùn díẹ̀ kó má tutù. Ká tó fẹ́ ọ̀dà kankan, a ti fi pépà tépù bo gbogbo ojú tí gáskẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí ojú ìsopọ̀ kó má jò, máa jókòó sí, ìdí síléẹ̀fù, àti gbogbo ihò bóòtù. A bo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì náà, o ṣáà mọ VIO Abuja, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, tí wọ́n bá ní kó o fi nọ́ńbà hàn tí ọ̀dà sì ti dí i, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ibi tí wáyà ẹ́àtì, tí iná bátìrì ń gbà padà, ti ń kan búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ wà ní irin gidi, àìmọye èèyàn ló ti ra kíkì tó ń sitáàtì mọ́tò tuntun nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dà abẹ́ wáyà yẹn ni kò jẹ́ kí iná kọjá. Ọ̀dà àkọ́kọ́, fẹ́ ẹ lé e bí ìrì ni, kó o ṣì máa rí práímà lábẹ́ ẹ̀, dúró kó fẹ́ẹ́ gbẹ, kó o tún lé òmíì. Ẹni tó bá dà á lé e lẹ́ẹ̀kan á rí i tó ń ṣàn. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣiṣẹ́ tó gbóná ló máa tó le pátápátá, á rú èéfín díẹ̀ á sì rùn, mo ti sọ fún ọmọ iṣẹ́ yẹn kó má bomi lé e.

Ohun tó kù nìyí, ìwọ ni mò ń bẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà níbí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀, pàápàá síìlì tó ń wà nídìí síléẹ̀fù, torí tíyẹn bá jò, omi máa bọ́ sínú ọ́ìlì. O wà ní Faransé, bá mi wá odindi sẹ́ẹ̀tì fún 504 ẹ́ńjìnnì XN1, ti bẹntiróòlù o, má jẹ́ kí wọ́n kó ti dísẹ́ẹ̀lì fún ẹ. Ọ̀dà, má yọ ara ẹ lẹ́nu, wọn ò ní jẹ́ kí agolo ẹ̀ wọ báàlù. Sọ iye ẹ̀ fún mi lórí WhatsApp, màá fi owó náà ránṣẹ́ sí ìyá ẹ ní Kàdúná, tí ẹnikẹ́ni bá sì ń bọ̀ nílé kó o fi rán an.

Èmi ni,
Ràṣídì