Bí ayàwòrán tí ojú rẹ̀ fọ́ ṣe ń bá iṣẹ́ lọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn bá kọ nípa ayàwòrán tí ojú rẹ̀ fọ́ tí kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ìyanu ni wọ́n máa ń pè é. Ẹni tí ojú tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣókùnkùn kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ẹ bá wa bi àwọn ayàwòrán náà léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ pupa yàtọ̀ sí búlúù, àti bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ọwọ́ wọn wà lójú kánfáàsì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń ya àwòrán sí.

Ètò ọ̀dà ló ṣáájú. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Claude Monet, ayàwòrán ará Faransé tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, ní 1923, orúkọ tó wà lára túùbù ló gbára lé, ibì kan náà ló sì máa ń to ọ̀dà sí. Ẹni tí kò ríran rárá lè fi rọ́bà so ọrùn ìgò: ẹyọ kan fún funfun, méjì fún ìyeyè, mẹ́ta fún pupa. Ará ilé tó fẹ́ ṣèrànwọ́ ló sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́. Ó nu tábìlì, ó sún ìgò, dúdú sì gorí ibi tó yẹ kó funfun. Ẹ má fọwọ́ kan tábìlì ayàwòrán láìsọ fún un.

John Bramblitt, ará Texas ní Amẹ́ríkà, tí ojú rẹ̀ fọ́ ní 2001, máa ń fi ọ̀dà tó ń yọ sókè fa ilà kí ìka lè tọ̀ ọ́. Ó tún ń po ọ̀dà kí funfun ki, kí dúdú sì máa yọ̀, kí ìka lè dá wọn mọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun láti inú ike ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà lè fa irú ilà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó gbẹ mọ́jú kẹ́ ẹ tó kun ọ̀dà. Bí inú rẹ̀ bá ṣì rọ̀, ìka tó ń wá ilà ni yóò pa á rẹ́. Ọ̀dà acrylic, èyí tí wọ́n ń fi omi pò, la fara mọ́, torí ó tètè gbẹ. Ti olóròóró máa ń tutù fún ọjọ́ púpọ̀, ọwọ́ á sì máa nù ún kiri. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o, nítorí òjé àti cadmium, irin olóró, wà nínú ọ̀dà mìíràn.

Ti Sargy Mann, ará Gẹ̀ẹ́sì, wú wa lórí jù. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́ pátápátá ní 2005, ó ń fọwọ́ wọ̀n ohun tó fẹ́ yà, á wá lẹ ègé Blu-Tack, gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri, mọ́ kánfáàsì gẹ́gẹ́ bí àmì. Ìka ọwọ́ kan á wà lórí àmì, ọwọ́ kejì á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn láti ibẹ̀ lọ. Àwọ̀ ńkọ́? Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọ̀, orí rẹ̀ ló ti ń mú un.

Ẹni tí kánfáàsì bá sú lè lọ sídìí amọ̀. Bọ́ǹbù àfọwọ́jù ló fọ́ ojú Michael Naranjo, ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní Vietnam ní 1968, tó tún ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ léṣe. Síbẹ̀ ó di agbẹ́re, èékánná ló sì ń lò fún ibi tó ṣe kínníkínní. Ewu amọ̀ ni kó nípọn jù: omi á há sínú rẹ̀, bó bá wọ iná, oru omi náà á fọ́ ère. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un kó tó gbẹ, kẹ́ ẹ fi èékánná mú ibi tó wọlé dé. Bó bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ dáadáa, ẹ ha inú rẹ̀ sí i.

Àwa olùkọ́ iṣẹ́ ọnà