Kóńgò Tí Ìdí Rẹ̀ Wọnú: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlàkàkà.

Ọmọ ọmọ mi kan ló fa lẹ́tà yìí. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí kò bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí mo bá pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, á ní orí ń fọ́ òun. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń ṣa ẹ̀wà, mo gbá a mú, ó sì là á fún mi: "Màmá, mi ò mọ́ tó. Tí mo bá tún ayé mi ṣe tán, màá padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára. Ó dùn létí, ó jọ ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun máa kọ́kọ́ wẹ̀ mọ́ kí òun tó lọ sódò, ìgbà wo ló fẹ́ débẹ̀?

Mo mọ irú kejì nínú yín náà. Àwọn yẹn kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ẹsẹ Bíbélì ni wọ́n ń gbé sórí Wásáàpù láàárọ̀, tó bá dìrọ̀lẹ́ wọ́n á máa fi ẹnu bó ẹlòmíràn láṣọ. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí èmi náà ti wà nínú irú kejì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Gàrí ni mo ń tà nígbà náà, ní ọjà kan n'Ìbàdàn níbí. Ọdún 1984 ni. Ìlú le. Ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon ti gbé WAI, ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníjàánu, dé láti oṣù kẹta, àwọn sójà sì ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò sórí ìlà. A sì ń tò lóòótọ́! Ká ní ẹ rí wa ní ibùdókọ̀ láyé ọjọ́un ni, ẹ ó rò pé ìlú áńgẹ́lì lẹ wà. Ṣùgbọ́n kóńgò tí mo fi ń wọn gàrí, ìdí rẹ̀ ti wọnú. Èmi ni mo fowó ara mi rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kó bá mi fi òòlù gbá a wọlé, bí ọ̀pọ̀ wa ní ìsọ̀ ti ń ṣe. Tí ẹ bá wò ó lókè, kóńgò bíi ti gbogbo ayé ni. Tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ó bá òkè kékeré kan nísàlẹ̀, ó ń dán, gàrí ojoojúmọ́ ti họ ọ́ mọ́. Kò sí sójà tó rí ìyẹn. Kòbókò kì í dé ìdí kóńgò.

Síbẹ̀, lójú tèmi, kóńgò yẹn kọ́ ló burú jù. Èènì ni. Ọwọ́ mi tú sí èènì. Bí mo bá wọn gàrí tán, màá tún fi ọwọ́ méjèèjì bù lé e, màá ní, "Gbà, ti Jésù nìyí." Ìyá olóore ni gbogbo ọjà ń pè mí. Bí mo bá sì kúnlẹ̀ àdúrà lálẹ́, èènì yẹn ni mo máa ń rán Ọlọ́run létí, n kì í mẹ́nu kan kóńgò. Gàrí oníbàárà ni mo kúkú ń bù fún oníbàárà, tí mo tún ń gba ọpẹ́ lé e.

Wòlíì Aísáyà sọ pé gbogbo òdodo wa dàbí àkísà ẹlẹ́gbin. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo máa ń rò pé bàbá náà ti sọ àsọjù, pé ẹ̀ṣẹ̀ wa ló yẹ kó pè bẹ́ẹ̀. Èènì ló jẹ́ kó yé mi.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló tú mi láṣìírí. Ìyá rẹ̀ rán an wá ra kóńgò mẹ́rin. Kò pẹ́ tó fi padà dé, ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, màmá mi ní kí ẹ bá wa tún un wọ̀n. Wọ́n ní mẹ́ta àbọ̀ ló jẹ́ nílé." Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ṣé ọ̀run ni wọ́n ti gbé kóńgò ìyá rẹ̀ wá ni? Ọmọ náà kò sunkún. Ọwọ́ mi tó di kóńgò mú ló ń wò. Mo bu èènì sí i, mo ní kó máa lọ.

Ẹ má rò pé mo ronú pìwà dà lọ́jọ́ náà o. Odindi oṣù méjì sí i ni mo fi lò ó.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi kan, èmi ni mo fẹ́ kọ́ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Lúùkù orí 18 ni, níbi tí Farisí àti agbowó òde ti gòkè lọ gbàdúrà. Farisí dúró, ó ń ka ìwà rere rẹ̀ bí ẹni ń ka èrè ọjà: òun ń gbààwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, òun ń san ìdámẹ́wàá, òun kò rí bí agbowó òde yìí. Bí mo ti ń kà á sókè, ohùn ara mi ni mo gbọ́: òun a sì máa fi èènì sí i. Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun. Mo ní kí ìyá kan bá mi kà á dópin.

Agbowó òde kò ní nǹkan kan tó fẹ́ kà. Ó lu àyà rẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run, ṣàánú fún mi, èmi ẹlẹ́ṣẹ̀." Jésù sì ní òun ló sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀ ní ìdáláre.

Ẹ bá mi dúró ti ọ̀rọ̀ "ìdáláre" yẹn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni. Ẹnì kan jàre, ẹnì kan jẹ̀bi. Adájọ́ dá tibí láre, ó dá tọ̀hún lẹ́bi. Ẹnu yín kò kúkú kúrò lára rẹ̀, gbogbo ìgbà lẹ̀ ń sọ pé "jọ̀ọ́, jàre". Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, ló túmọ̀ ìwé Róòmù sí èdè wa. 1850 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá ṣì wà lọ́nà. Ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti ro ẹjọ́ náà délẹ̀: gbogbo ènìyàn ló ti ṣẹ̀, a sì ń dá wọn láre lọ́fẹ̀ẹ́, nípa oore-ọ̀fẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á bá a dín ìtanràn kù ni. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó jàre. Ọlọ́run ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe pé ó fojú fo kóńgò dá. Wọ́n san ìtanràn náà pé. Jésù tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí ló dúró níbi tó yẹ kí n dúró, ìdájọ́ mi bọ́ sí i lọ́rùn, wọ́n sì ka òdodo tirẹ̀ sí tèmi. Ẹ tún wo Ábúráhámù. Orí 15 ìwé Jẹ́nẹ́sísì ni a ti ka ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí òdodo fún un. Orí 17 ni wọ́n tó kọ ọ́ nílà. Àre ló ṣáájú, ilà tẹ̀ lé e. Ọmọ ọmọ mi fẹ́ kọlà tán kó tó wá gba àre.

Ṣé ká wá máa bá kóńgò yẹn lọ? Pọ́ọ̀lù bi í: ṣé ká jókòó nínú ẹ̀ṣẹ̀ kí oore-ọ̀fẹ́ lè máa pọ̀ sí i ni? Ó ní ká má rí i. Mo fẹ́ràn "jókòó" yẹn. Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lè yọ̀. Pétérù yọ̀, ó sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àkùkọ tó kọ, ṣùgbọ́n kò jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tẹ́tẹ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ohun tí ẹ kò fẹ́ kí ìyá yín rí wà nínú fóònù yín, mi ò ní bi yín léèrè. Ẹ gbé e lọ bá Jésù bó ṣe wà. Tó bá sì jẹ́ pé ìwà pásítọ̀ kan lẹ wò tí ẹ fi kúrò, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mo lọ sílé ìyá ọmọ náà. Nínú Bíbélì, Sákéù, olórí agbowó òde, ní bí òun bá rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Àbọ̀ kóńgò ni mo jẹ ìyàwó náà, mo bá di kóńgò méjì lọ. Irun ló ń di fún ọmọ yẹn lójúde, kò tilẹ̀ dáwọ́ dúró. "Ìyá oní-gàrí, ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Gbogbo yín náà ni. Torí pé èènì tiyín pọ̀ ni mo ṣe ń ra tiyín." Ojú tì mí ju kó bú mi lọ. Àwọn tó kù ńkọ́, àwọn oníbàárà ọdún gbọọrọ? Mi ò mọ ilé wọn, mi ò mọ orúkọ wọn. Ká ní sísan là ń san òdodo, gbèsè ni mo máa jẹ wọ sàréè.

Mo gbé kóńgò padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi gbé òòlù: "Ṣé kó tún wọlé sí i ni, mà?" Mo ní rárá, kó gbá a jáde. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó wò mí títí. Ó ní ẹnikẹ́ni kò rán òun ní irú iṣẹ́ yẹn rí.

Ó gbá a jáde, ṣùgbọ́n kò gún tán. Ìdí rẹ̀ yọ síta díẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sórí tábìlì, á máa mì. Òun náà la fi wọn ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yẹn. Ọmọ ọmọ mi gbé e kalẹ̀, ó ní, "Màmá, kóńgò yìí ń mì o." Mo ní mo mọ̀. Mo ní kó wọn ẹ̀wà sí i kó wò ó bóyá kò kún.

Èmi ni, ìyá yín oní-gàrí.