Ẹ̀yin tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ bọ̀ ní Ìdànrè

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ láti Èkó lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbi tó ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ti fẹ̀yìn tì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú kékeré létí òkè tàbí létí odò, kó lọ máa gbádùn ìdákẹ́jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á tán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n náà kò burú. Èmi alára ti ṣe ohun tó ní ká ṣe yìí, ó pé ọdún mẹ́rin báyìí. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹnu mọ́ yẹn gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 33 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, Muṣin ni mo sì ń gbé. Ẹni tó bá mọ Muṣin kò ní bi mí pé kí ló lé mi kúrò. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti ń jí kí n lè bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ, ilẹ̀ á sì ti ṣú pátápátá kí n tó padà wọlé. Ṣọ́ọ̀ṣì wà níwájú ilé, ilé ọtí wà lẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ márùn-ún ló ń ké nínú ọgbà kan ṣoṣo. Nígbà tí mo gba ìwé ìfẹ̀yìntì, tí olówó orí mi sì ti ṣaláìsí, mo bi ara mi pé kí ni mo tún ń ṣọ́ níbẹ̀. Ọmọ Ìdànrè ni ìyá tó bí mi. Ilẹ̀ kékeré kan wà tó fi sílẹ̀ fún mi ní agbolé wọn. Mo kọ́ yàrá méjì àti pálọ̀ sí i, mo sì kó ẹrù mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dùn níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹnu òdì ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Bí mọ́tò bá dára, kò tó wákàtí kan. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ọn, àpáta ni ẹ máa rí kí ẹ tó rí ilé. Àpáta ló yí ìlú ká, dúdú, ràbàtà, bí ìgbà tí agbo erin bá dùbúlẹ̀. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, wọ́n á máa dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa wọ́n lára. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè jí láàárọ̀ kí ẹ má rí ẹyọ kan nínú wọn, bí oòrùn bá sì ṣe ń mú ni wọ́n á máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi fún odidi wákàtí kí n máa wò wọ́n. Ní Muṣin, ògiri ilé onílé ni fèrèsé mi dojú kọ.

Orí àpáta yẹn ni àwọn baba ńlá ìyá mi gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá ti àtijọ́ ṣì wà lókè, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1906, àti ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn, tí wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló ń bá mu, àfi ti àjẹ́. (Mo ti gbé ẹsẹ̀ mi sí i. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀.) Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe síbẹ̀ lé ní 600. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á, iye tí mo rí kò sì dọ́gba rí, nítorí bí mo bá ti dúró mí èémí báyìí, mo ti gbàgbé ibi tí mo kà dé nìyẹn. Ní 2007, orílẹ̀-èdè wa fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá fún gbogbo ayé. A ṣì ń retí.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń ti oko bọ̀ lówùúrọ̀ ni mò ń dín lálẹ́. Lásìkò ìkórè kòkó, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá lọ, wọ́n á sá kòkó sórí ọ̀rá àti pepéle símẹ́ńtì káàkiri, gbogbo ìlú á sì máa rùn bí ọtí tó ń kan. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò á yínmú. Ní tèmi, òórùn ìyá mi ni, nítorí bí ó bá ti lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ níhìn-ín, tó sì padà sí Èkó nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn yẹn ló máa ń wà lára ìró rẹ̀.

Ó kù sí ti ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ní Ìdànrè dákẹ́ kò tíì sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀. Àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti inú kòtò ẹ̀yìnkùlé mi títí dé ẹsẹ̀ àpáta, èyí á ké, tọ̀hún á dáhùn, bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka á-bí-dí. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ sọ pé irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí òkè yẹn tí wọn kò rí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Láti 1963 ni wọn ò ti gbúròó rẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tó di 2013 tí àwọn olùwádìí tún rí i. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni kì í jẹ́ kí n sùn. Àkùkọ ibí náà kò mọ agogo, ṣọ́ọ̀ṣì tó ní gbohùngbohùn wà níhìn-ín bó ṣe wà ní Muṣin, ọlọ́kadà ò sì ṣàìmáa fọn fèrè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ò mọ ẹni tó ń pariwo l'Ékòó. Níhìn-ín, mo mọ ewúrẹ́ tó ń ké, mo mọ ẹni tó ni ín, mo sì mọ ìdí tí kò fi tíì fún un lóúnjẹ.

Síbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ kan wà. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bọ̀, láàárín agogo mẹ́rin sí mẹ́fà, ní àdúgbò tiwa tó jẹ́ àdúgbò àwọn àgbà. Ọdún kìíní mi, mo máa ń yìn ín. Màmá kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti lé ní 80, ọmọ méje ló bí, gbogbo wọn ló sì wà láàyè. A jọ jókòó lọ́jọ́ kan, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo ní, "Màmá, ẹ wo bí ibi gbogbo ṣe pa rọ́rọ́. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ẹ ní níhìn-ín." Màmá dáwọ́ dúró. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, o ti tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ò ń yìn yìí, àwa ò pè é ní ìdákẹ́jẹ́. Àìsí ọmọ nílé là ń pè é." Ó sì ń bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Ní ọjọ́ kejì, mo rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà wa dé òpin rẹ̀, mo ń ka ilé tí wọ́n tì pa. Mọ́kànlá ni, nínú méjìlélógún. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni méjì nínú wọn. Àwọn ọmọ tó wà l'Ábùjá àti òkè òkun ló kọ́ wọn fún òbí wọn, òbí ti kú, ọdún Kérésì nìkan ni wọ́n ń ṣí wọn. Alángbá ni lándílọ́ọ̀dù ibẹ̀. Kòkó ló kọ́ ìlú yìí, kòkó ló rán àwọn ọmọ lọ sí yunifásítì, yunifásítì ló sì gbà wọ́n lọ́wọ́ kòkó. Lónìí, bàbá àádọ́rin ọdún ló ń mú àdá lọ sóko pẹ̀lú alágbàṣe tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ohun tí àwa ará Èkó wá ń pè ní ìtura nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹ̀gbọ́n tó kọ lẹ́tà kò mẹ́nu bà, bóyá nítorí pé kò tíì kó ẹrù tirẹ̀. Mo mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀ láti Èkó, fún ara mi ni. Oṣù kejì tí mo dé, Màmá ní kí n wo tòun. Ó ga. Ó pe àbúrò rẹ̀ wá, tìyẹn ga ju tirẹ̀ lọ. Kí n tó mọ̀, àárọ̀ Sátidé ti di ọjọ́ ọjà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa tò lọ títí dé abẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ rárá pé àwọn ní i. Àwọn tó mọ̀ ń lo oògùn bí owó bá wà. Bí kò bá sí, wọ́n á fi sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Ọkùnrin kan tó ti Èkó wá, tí kò tíì pé ọdún kan tó dé, ni apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbé mọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo mọ ohun tó jẹ́, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tí èmi lè ṣe sí i lórí àga pálọ̀. Àkúrẹ́ ni ká gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ní mọ́tò láago méjì òru? Ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ń kó kòkó la padà rí, lẹ́yìn tí wọ́n ti wá awakọ̀ rẹ̀ títí. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń mọ́ ká tó dé ilé ìwòsàn. Ó yè, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní. Ó ní àtọ̀gbẹ, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó ra ilẹ̀ pé dókítà dà. Owó ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló bèèrè. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń bọ̀, ẹ tọ́jú nọ́ńbà awakọ̀ méjì kí ẹ tó gbin òdòdó síwájú ilé.

Àwọn kan tún wà tí mi ò mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Ẹnì kan ra ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpáta, ó gé gbogbo igi tó wà lórí rẹ̀, ó da kọ̀ǹkéré sí i látòkè délẹ̀, ó mọ ògiri tó ga ju ojú fèrèsé lọ, ó wá ń ráhùn pé ooru ń mú òun àti pé òun ò rí òkè. Ó tún ní ìró odó àwọn tó ń gún iyán kì í jẹ́ kí òun sinmi. Wọ́n dá a lóhùn pé ṣé kí àwọn máa gún un sínú tìmùtìmù ni. Ó ti ta ilé náà.

Ẹlòmíràn wá ní ọdún kan náà, tíṣà ìṣirò ni nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mátírẹ́ẹ̀sì kan àti bọ́ọ̀dù ìkọ̀wé ló kó wá. Ọmọ mẹ́rìnlá ló ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ báyìí, láàárín agogo mẹ́rin sí mẹ́fà yẹn gan-an. Ohùn wọn máa ń dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Bí ẹ̀gbọ́n tó kọ lẹ́tà bá ń bọ̀, irú ẹrù tí mo fẹ́ kó dì nìyẹn. Iṣẹ́ yòówù kó mọ̀ ọ́n ṣe, ì báà ṣe ọkọ̀ títún ṣe, ì báà ṣe aṣọ rírán, kó gbé e bọ̀. Kó má gbé oorun nìkan bọ̀.

Ní ọjọ́ kejì Kérésì tó kọjá, àwọn ọmọ Màmá dé, méje-méje, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ tí mi ò lè kà tán. Ilé tó ti ń dákẹ́ láti oṣù kìíní gba ariwo. Wọ́n yin bísánà, wọ́n gbé ẹ̀rọ orin síta, àwọn ọmọdé gun orí igi máńgòrò mi, ẹ̀ka kan sì ya. Nígbà tó di agogo kan òru tí ojú mi ò tíì pa dé, mo ró aṣọ mi, mo jáde lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín orin náà kù. Màmá ló wà láàárín agbo, lórí àga, ó ń jó láti ìjókòó. Ó rí mi, ó ti mọ ohun tí mo wá sọ.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bí o bá fẹ́ sùn, padà sí Muṣin."

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.